Orúkọ Ọkọ Wa Lórí Ìwé Owó Orí

Ìyá Yunus,

Má bínú, mo ṣí àpótí rẹ láàárọ̀, mo mú ìwé owó orí ṣọ́ọ̀bù lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Plateau. Ọdún mẹ́ta tí ọkọ wa ti kú, orúkọ Alhaji lo ṣì fi ń san án! Mi ò bá ọ wí. Èmi náà ò tíì lè pè wọ́n ní olóògbé. Ṣùgbọ́n akọ̀wé ní òkú kì í san owó orí. Mo ní kó kọ orúkọ tìrẹ, torí ìwọ lò ń tajà níbẹ̀ báyìí. Lọ fọwọ́ sí i kó tó di Jímọ̀, kí wọ́n má baà ti ṣọ́ọ̀bù pa.

Akọ̀wé fẹ́ gba ìwé tó ní orúkọ Alhaji. Mi ò fún un. Ó wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ.

Ìyáálé rẹ