Ẹni Tí Mo Bá Lẹ́nu Ọ̀nà

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Sẹ́tẹ́ńbà 1979

Ìwé mi, èmi rèé. Ìsẹ́yìn ni mo wà báyìí, nílé ọkọ. Oṣù kan ò tíì pé. Píráámárì fóò ni mo dé kí wọ́n tó mú mi kúrò nílé ìwé, torí náà bí mo bá ṣì í kọ, má fi mí rẹ́rìn-ín.

Níbí, n ò gbọdọ̀ pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Ìyá ọkọ mi sọ ọ́ sí mi létí lọ́jọ́ tí wọ́n wẹ ẹsẹ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà: gbogbo ẹni tí mo bá nílé yìí, ọkọ ni wọ́n jẹ́ sí mi, títí kan ọmọ ọwọ́. Kí n wá orúkọ tèmi fún kálukú. Ọkọ mi gan-an, Ràsáàkì oní-fọ́tò (inú ìwé nìkan ni mo ti lè kọ ọ́!) — Olójú-Kan ni mo sọ ọ́. Ojoojúmọ́ ló ń di ojú kan wo ayé. Lójú èèyàn, "ẹ" ni mo ń bá a sọ. Nínú ìwé yìí, "ó" ni.

Ohun kan ṣì wà. Lọ́jọ́ ìwẹsẹ̀ yẹn, mo tẹríba, ìtìjú bò mí, omi tutù. Mo yọ́jú wòkè. Aláǹtakùn ńlá kan wà lókè ilẹ̀kùn, lábẹ́ páànù. Gbogbo ilé ń kọrin ìyàwó. Òun nìkan ló dákẹ́, bí èmi.

Ọjọ́ Ajé, 24 Sẹ́tẹ́ńbà

Olójú-Kan tú ojú kámẹ́rà kúrò, ó yí i sódì, ó fọwọ́ dì í mọ́ ara kámẹ́rà bẹ́ẹ̀, kí nǹkan kékeré lè hàn ní ńlá. Ó ní kí n wo tata tó wà lórí ewé. Mo wò. Yéè! Ojú tata ní ilà wẹ́wẹ́ bí aṣọ òfì. Ẹnu rẹ̀ ń rún nǹkan bí ti ewúrẹ́. Mo pariwo, mo sáré fọwọ́ bo ẹnu.

Ó ní, "Àṣé ìwọ náà lè sọ̀rọ̀ sókè!"

Ó ní eré lòun fi ń ṣe. Tèmi kì í ṣe eré.

Ọjọ́bọ̀, 27 Sẹ́tẹ́ńbà

Ó fún mi ní kámẹ́rà àti fíìmù kan. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ló dáa jù — ìrì wà lára kòkòrò, òtútù mú wọn, wọn ò lè fò. Mo dojú bolẹ̀ nínú koríko lẹ́bàá àpáta ẹ̀yìn ilé. Lámilámi kan rèé, ìrì bò ó láti orí dé ìdí bí ìlẹ̀kẹ̀. Ara ni wàá máa sún síwájú, sẹ́yìn, díẹ̀ díẹ̀, títí á fi mọ́ kedere. Mo sé èémí. Mo tẹ kámẹ́rà.

Ilẹ̀ ti mọ́ kí n tó rántí pé n ò tíì gbálẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 5 Òkítóbà

Fíìmù jáde. Kùrukùru lásán. Apá lámilámi kan ṣoṣo ló mọ́. Màá tún un ṣe.

Ọjọ́ Àìkú, 7 Òkítóbà

Ìyá ti gbọ́. Ìyá Jímọ̀ ará ilé kejì ló rí mi nínú koríko. Ìyá ń ká òwú tí wọ́n máa gbé fún àwọn ahunṣọ, wọn ò wojú mi.

"Ìyàwó, kí lo sọ nù sínú koríko?"

Mo ní kò sí, mà.

"Ẹni tó yẹ kó máa retí oyún, tó ń tẹjú mọ́ kòkòrò. Kí lo fẹ́ bí fún wa? Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ?" Wọ́n nawọ́ sókè ilẹ̀kùn. "Ìyẹn náà ń kọ́? Ilé aláǹtakùn lẹ́nu ọ̀nà ìyàwó tuntun! Wọ́n á ní ọ̀lẹ ni mo fẹ́ fún ọmọ mi."

Àbúrò ọkọ mi obìnrin — Eléyínfúnfún ni mo ń pè é — bú sẹ́rìn-ín.

Mo gbá gbogbo ilé, mo gbá ojúde. Mo fi òkè ilẹ̀kùn sílẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 Òkítóbà

Olójú-Kan ní kí n jẹ́ kó rọlẹ̀ ná. "Ṣebí o mọ Ìyá." Mo mọ̀ wọ́n. Ṣé òun náà mọ̀ mí?

Ọjọ́rú, 17 Òkítóbà

Kí ẹnikẹ́ni tó jí, mo gun orí àpótí. Kámẹ́rà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan aláǹtakùn mi lókè ilẹ̀kùn. Ó ń hun ilé rẹ̀. Kò sá. Èmi náà ò sá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 Òkítóbà

Yàrá òkùnkùn tí Olójú-Kan ti ń fọ fọ́tò, iná pupa. Pépà funfun nínú omi. Kò sí nǹkan. Kò sí nǹkan. Ojú kan yọ. Òmíràn. Mẹ́jọ! Irun ẹsẹ̀ rẹ̀, okùn tó fi ẹsẹ̀ kan fà — gbogbo rẹ̀ hàn. Ìyókù rí bàìbàì bí èéfín.

Olójú-Kan ní òun ò tíì ya irú ẹ̀ rí.

Mo ní, "Mo fẹ́ kó wà lára pátákó àwòrán tí àwọn oníbàárà ń wò níta." N ò tíì sọ pé mo fẹ́ nǹkan nílé yìí rí. Ó họrí. Ó ní Iléyá dé tán, oníbàárà á sá, àbí wọn ò ní sá? Kò gbà, kò kọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 28 Òkítóbà

Ìyá so ìgbálẹ̀ mọ́ orí igi gígùn, wọ́n gbé e ti ilẹ̀kùn mi. Wọ́n ní kí ilẹ̀ Iléyá tó mọ́, àwọn ò gbọdọ̀ rí nǹkan yẹn mọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn á ti kámẹ́rà mọ́ inú àpótí aṣọ àwọn, ó parí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 30 Òkítóbà

Ìgbálẹ̀ ṣì wà níbi tí wọ́n gbé e sí.

Ọjọ́rú, 31 Òkítóbà. Iléyá

Láàárọ̀, mo yọ fọ́tò ìgbéyàwó tèmi kúrò láàárín pátákó. Mo fi aláǹtakùn síbẹ̀.

Wọ́n ti yídì dé, èrò kún iwájú ilé. Ìyá dé nínú aṣọ funfun.

"Ta ló gbé èyí síbí?"

Olójú-Kan yanu. Mo ṣáájú rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbóhùn sókè.

"Èmi ni, mà. Ẹ ní gbogbo ẹni tí mo bá nílé yìí, ọkọ mi ni. Mo bá a lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ tí ẹ wẹ ẹsẹ̀ mi. N ò lè fi ìgbálẹ̀ lé ọkọ mi jáde."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín. Ìyá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n sún mọ́ fọ́tò náà bí ẹni ń gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n ní, jẹ́jẹ́, "Òwú rẹ̀ rèé. Ẹsẹ̀ ló fi ń fà á." Wọ́n wá yíjú sí mi.

"Bó bá jẹ́ ọkọ rẹ lóòótọ́, kí lo sọ ọ́?"

"Máfigbálẹ̀kànmí."

Eléyínfúnfún fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ìyá wọ́ àpótí sábẹ́ ilẹ̀kùn, sábẹ́ ilé aláǹtakùn gan-an, wọ́n jókòó, wọ́n tún ìborùn ṣe. Olójú-Kan gbé kámẹ́rà.

"Ìwọ kọ́. Ẹni tó ń ya aláǹtakùn ni kó yà mí. Ká wò ó bóyá ojú tèmi náà á pé mẹ́jọ."

Mo yí ojú kámẹ́rà padà sípò. Mo di ojú kan. Mo tẹ kámẹ́rà.