Kò Fẹ́ Mi, Kò sì Fi Mí Sílẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Kí àlàáfíà Ọlọ́run àti ìkẹ́ rẹ̀ máa bá yín gbé lókè òkun níbi tí iṣẹ́ gbé yín lọ. Mo gbàdúrà pé ara yín le, pé ẹ̀yìn tó máa ń dùn yín ti fúyẹ́. Ara tèmi náà kò burú. Ọkàn ló rẹ̀ díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kẹ́ ẹ tó ka èyí.

Ẹ mọ̀ pé ó ti tó ọdún méjì àtààbọ̀ tí bàbá ọmọ mi ti kó lọ sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀ kejì. Kò nà mí, kò bú mi, kò sì wọlé tì mí. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń gbé ìrẹsì, òróró àti ọṣẹ wá sẹ́nu ọ̀nà, á fi fóònù ya fọ́tò wọn, á sì lọ láìkanlẹ̀kùn. Ó ń sọ fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Kò sí Kádì tó lè rí mi mú. Mo ń bọ́ ọ."

Nígbà tí iléeṣẹ́ aṣọ kan nílùú kejì ní kí n wá máa gé aṣọ fáwọn, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọ̀. Mo ní kó kúkú kọ̀ mí sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín: "Ẹnu mi lọ̀rọ̀ yẹn wà. Wàá hu ewú síbẹ̀." Wọ́n ní adìyẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò rọ adìyẹ. Tèmi yàtọ̀, ara okùn dẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Nígbà mìíràn, mo máa ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ mi láìfi òwú sí i, kí n ṣáà lè gbọ́ ariwo nínú ilé.

Aáfà àdúgbò ní òfin wà lẹ́yìn ọkọ mi, kí n ṣe sùúrù. Lẹ́tà tiyín náà ní kí n ṣe sùúrù. Mo ṣe é títí tó fi fẹ́ di àìsàn sí mi lára.

Ìyàwó yín ló fà mí lọ́wọ́ dé kóòtù Kádì, níbi tí wọ́n ti ń fi òfin Mùsùlùmí dájọ́. Ọkọ mi kó gbogbo fọ́tò rẹ̀ dé. Kádì, bàbá arúgbó kan tí kì í yára sọ̀rọ̀, wò wọ́n títí.

"Ó pọ̀ o. Ìyàwó ẹ dà nínú wọn? Ọmọ ẹ dà?"

"Ẹ̀tọ́ tó yẹ kí n ṣe ni mo ṣe, sà."

"Ẹran orí ìso náà, wọ́n ń gbé oúnjẹ síwájú ẹ̀. Ọlọ́run ní kó o fi dáadáa mú un dání, tàbí kó o fi dáadáa tú u sílẹ̀. Èwo lo ṣe?"

Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn fọ́tò náà jọ.

Kádì wá ní kí ìdílé kọ̀ọ̀kan yan ẹnì kan láti gbọ́ ẹjọ́ wa. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo pè yín, ẹ ò gbé e. Àbúrò bàbá wa ló dúró fún mi. Bàbá Káfíńtà, tó tọ́ ọkọ mi dàgbà, ló dúró fún un, mo sì rò pé ọmọ rẹ̀ ló máa gbè. Nígbà tí wọ́n jáde, bàbá náà ò wojú ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi ni. Àmọ́ tó bá jẹ́ ọmọ mi obìnrin ni wọ́n so mọ́lẹ̀ báyìí, mi ò ní gbà." Ọjọ́ yẹn ni Kádì tú wa ká.

Mo rò pé n óò fò sókè ni. N kò fò. Lánàá tí mo fẹ́ lọ ra òwú, mo ti mú fóònù láti tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó rántí.

Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ̀wé gan-an nìyí. Ìyàwó yín sìn mí délé láti kóòtù. Ó wá pè mí, bó ṣe máa ń pe àbúrò ọkọ: "Ọkọ mi, ọdún mẹ́rin ni ẹ̀gbọ́n yín ti lọ. Ẹrù ń dé lóṣooṣù. Ohùn wọn ni mi ò gbọ́. Ṣé Kádì á gbọ́ tèmi náà?"

Mo fẹ́ ní kó ṣe sùúrù. Ọ̀rọ̀ náà kọ̀, kò jáde lẹ́nu mi. Mo ní Kádì á gbọ́ tiẹ̀.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ yín, kó tù yín lára, kó sì fi ohun tó tọ́ sí yín lọ́kàn.

Èmi ni,
Àbúrò yín tí ẹ fà lé ọkọ lọ́wọ́.

Àfikún: Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni yóò lọ. Ẹ pè é kó tó dọjọ́ náà; òun ni kẹ́ ẹ pè, kì í ṣe èmi. Bí Kádì bá béèrè ẹni tó mọ̀ sọ́rọ̀ náà nínú ìdílé wa, èmi ni n óò dìde.