Ẹran Ẹlẹ́dẹ̀ Tí Mo Yan fún Àǹtí Ẹ

Abúlé Adó,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹjọ, 1986.

Ẹ̀bùnlọlá ọmọ mi,

Àní láti Abúlé Adó dé Mazamaza, kò sẹ́ni tó lè yan ẹran ẹlẹ́dẹ̀ bíi bàbá ẹ, àfi tí ẹni tó jẹ níbẹ̀ bá fẹ́ purọ́! Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Olúwa á máa ṣọ́ ẹ ní Festac níbẹ̀, kò ní jẹ́ kójú tì ẹ́ láàárín àwọn ọmọ ọlọ́fíìsì. Kó tẹ́ ìyá ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹ, ṣé Àǹtí Bernice, ẹ̀gbọ́n mi, á jẹ́ kó o wá lo họ́lídé lọ́dọ̀ mi. Torí ẹ̀ náà ni àwọn àti ọkọ wọn, Bọ̀dá Adébánjí, ṣe wá ní Sọ́ńdè. Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí obìnrin tó máa mójú tó ẹ tí mo bá lọ síbi iṣẹ́. Mo ní ta ni ì bá tún jẹ́ bí kò ṣe Ìyá Sùrájù aládùúgbò wa, tó ń wẹ̀ ẹ́ látọjọ́ tí ìyá ẹ ti kú títí Àǹtí fi mú ẹ lọ sọ́dọ̀ wọn ní Festac.

Mo ti fi ata gbígbẹ, alùbọ́sà, atalẹ̀ àti oje ọsàn wẹ́wẹ́ pa ẹran lára láti Sátidé. Mi ò ka ìwé kọjá praimárì fáìfù, àmọ́ ìwé wo ló fẹ́ kọ́ mi nìyẹn? Bọ̀dá gbé irin tuntun kan tí wọ́n fi ń yan ẹran dé, aago wà lórí ìdérí ẹ̀, ọwọ́ kan ṣoṣo ló ní. Bá a ṣe ṣáná báyìí, aago sáré lọ sí igba, ó dúró síbẹ̀. Mo ní Bọ̀dá, wọ́n ti rẹ́ yín jẹ o, ẹ lọ dá a padà, aago wo ló ń lu igba? Wọ́n ní bí iná ṣe gbóná tó ló ń sọ, mo ní irọ́ ni. Wáyà tèmi ni mo gbé lé èédú, títí ọ̀rá fi ń kán sínú iná tí gbogbo àdúgbò ń yọjú.

Ìyá Sùrájù kó tòmátì, kùkúḿbà àti kábéèjì tútù wá, pẹ̀lú abọ́ àti ọ̀bẹ tiwọn. O mọ̀ pé Mùsùlùmí òdodo ni wọ́n. Wọ́n ní, Bàbá Ẹ̀bùn, jẹ́ kí tìẹ wà lọ́tọ̀, kí tèmi wà lọ́tọ̀ o. Mo ní Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀.

Àǹtí ẹ lá ìka. Bọ̀dá bù ú lẹ́ẹ̀mẹta! Ibi tí mo ti ń gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ kí Bọ̀dá lè rí iṣẹ́ ọwọ́ mi, ọ̀bẹ Ìyá Sùrájù ló wà lọ́wọ́ mi. Mo nù ún mọ́ ṣòkòtò, mo dá a padà. Wọ́n fi gé kùkúḿbà tó kù, wọ́n sì ti jẹ ẹ́ lẹ́nu méjì kí wọ́n tó rí ọ̀rá lára ọ̀bẹ. Wọ́n tu ú dànù, wọ́n fomi yọ ẹnu. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní, Bàbá Ẹ̀bùn, mo pọn ọmọ ẹ bí ẹni pé èmi ni mo bí i, ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ẹ́. Wọ́n fi abọ́ àti ọ̀bẹ sílẹ̀ fún mi, wọ́n wọlé. Látìgbà yẹn, mo kí wọn títí, wọn ò dáhùn.

Àǹtí ẹ ní tí mi ò bá tún un ṣe, o ò ní wá. Bá mi bẹ Àǹtí kí wọ́n fi náírà mẹ́wàá ránṣẹ́, kí n fi ra ọ̀bẹ àti abọ́ tuntun tí màá mú lọ́wọ́ lọ bẹ Màmá. Ọlọ́run á fún ẹ ní ọpọlọ ìwé, wàá ṣe ju èmi lọ, ẹ̀rín là á máa bá ẹ rín.

Mo ti sọ fún gbogbo èèyàn pé mo ṣèèṣì mú ọ̀bẹ yẹn ni. Ìwọ nìkan ni mi ò lè purọ́ fún. Ọ̀bẹ tèmi ò mú, mi ò sì fẹ́ kí Bọ̀dá rí mi níbi tí mo ti ń fi í ya ẹran. Mo mọ̀ pé tiwọn ni kí n tó mú un.

Èmi bàbá ẹ,
Ògúnjìnmí.