Ẹfun Inú Ikùn Bàbá Rẹ

Abúlé Alágbọ̀n,
lẹ́bàá Ìṣẹ́yìn.

Adébùnmí ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà ní Festac, ṣé iná ń wá déédéé? Olúwa tó ń ṣọ́ wa lábúlé kò ní gbàgbé yín nígboro. Ewúrẹ́ rẹ ti bí ìbejì, ìyá rẹ sì ń kí ọ.

O ń bínú lórí fóònù pé gbogbo ohun tí o bá bi mí nípa àyẹ̀wò yẹn, "ó dára" nìkan ni mò ń dáhùn. N kò lè máa pariwo ọ̀rọ̀ ikùn mi sínú afẹ́fẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́, ìdí nìyí tí mo fi kọ̀wé.

Lọ́jọ́ náà tí o ti lọ síbi iṣẹ́, Margaret aládùúgbò yín mú mi dé ilé àyẹ̀wò ní Amúwo. Wọ́n ní kí n dùbúlẹ̀ sórí pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó sì gbé mi wọnú òrùka irin ńlá bí ìgbà tí wọ́n ń ti búrẹ́dì sínú ààrò. Obìnrin kan wà nínú ẹ̀rọ náà tí n kò rí. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì ní kí n fa èémí, kí n má mí. Mo kí i pé ẹ káàárọ̀ mà, kò dáhùn, ó kàn tún àṣẹ pa, mo sì gbọ́ràn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún mi lábẹ́rẹ́ kan, ara mi gbóná dé ìsàlẹ̀, ó dá mi lójú pé mo ti tọ̀ sára. Mo ń tọrọ àforíjì, ọkùnrin tó ń ya àwòrán ní oògùn náà ló ń ṣe gbogbo èèyàn bẹ́ẹ̀. Mo fọwọ́ kan ṣòkòtò mi wò, ó gbẹ lóòótọ́.

Dókítà Ọlábánjí wá na àwòrán náà sókè. Ó ní iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá kan ti àyà wá, ó gba inú ikùn kó tó pín sí ẹsẹ̀ méjèèjì, pé tèmi ti le, ó funfun yí ká bí èèpo ẹyin, ọ̀nà inú rẹ̀ sì ti há. Ó ní ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ fi ń dùn mí bí mo bá rìn díẹ̀, tí ó ń fi mí sílẹ̀ bí mo bá jókòó, tí àtẹ́lẹsẹ̀ mi ń tutù, tí inú sì ń lọ́ mi lẹ́yìn oúnjẹ. Mo bi í pé kí ni funfun náà, ó ní ohun tó wà nínú eegun àti ẹfun ni. Bùnmí, ara mi bù máṣọ! Èmi tísà, tí mo fi ẹfun kọ̀wé sójú pátákó fọ́mọ ọlọ́mọ ní gbogbo ayé mi! Mo ní kó bá mi kọ̀wé síjọba pé ẹfun wọn ti kún inú mi. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní kì í ṣe ẹfun iléèwé, sìgá ni, àti ẹ̀jẹ̀ ríru, àti ọjọ́ orí. Mo gbà, ṣùgbọ́n mo ṣì ń rò ó.

Ohun tí n kò lè sọ fún ọ lórí fóònù nìyí. Ó ní bí n kò bá fi sìgá sílẹ̀, ọ̀nà náà lè dí pátápátá, wọ́n sì lè gé ẹsẹ̀ mi. Àmọ́ ó ní kò tíì di iṣẹ́ abẹ, kí n máa lo oògùn, kí n máa rìn lójoojúmọ́. Bí ẹsẹ̀ bá dùn, kí n dúró, bó bá rọlẹ̀, kí n tún máa lọ.

Ìyá rẹ ti da ìyókù sìgá mi sí ṣáláńgá. Òun ló ń bá mi rìn nírọ̀lẹ́. Tẹ́lẹ̀, èmi ni mo máa ń ṣíwájú, òun á máa tẹ̀ lé mi. Ní báyìí, bí mo bá dúró lábẹ́ igi odán, òun náà á dúró, a ó jọ máa wo ọ̀nà. Lánàá, a kọjá igi náà, a dé etí odò kí ẹsẹ̀ tó dùn mí. Inú ìyá rẹ dùn débi pé ó jó, ó ní mi ò gbọdọ̀ ṣàì kọ ọ́ sínú lẹ́tà yìí.

Jọ̀ọ́, fi owó oògùn ránṣẹ́. Má fi sínú fóònù mi o, fóònù náà ti bọ́ sínú omi, n kò fẹ́ kí owó náà tutù. Bí o bá gba ọjà Trade Fair kọjá, bá wa ra bàtà kánfáàsì méjì, nítorí ìyá rẹ ní òun náà ń rìn.

Ibi tí oore bá ti ń dúró dè ọ́, ẹsẹ̀ rẹ á gbé ọ débẹ̀, o ò sì ní dá nìkan rìn. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Enoch.