Ẹ̀rọ Ṣayọ̀ Tó Ní Ká Má Wọlé

Ṣayọ̀ ọmọ mi,

Ṣé ara ń le? Ṣé ọ̀gá yín ní Àpápá kì í fi iṣẹ́ pa ọ́? Olúwa tó ń mú ọ jáde láàárọ̀ yóò máa mú ọ kọjá láàárín àwọn tírélà yẹn láìfarapa. Àlàáfíà ni àwa wà. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Ewúrẹ́ dúdú ti bí méjì, ọ̀kan ń tiro, ṣùgbọ́n ó ń mu ọmú dáadáa.

Ọ̀rọ̀ kan ń gún mi láyà láti ìgbà tí mo ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ ní Ajégúnlẹ̀, mi ò sì lè sọ ọ́ lórí fóònù. O bi mí lọ́jọ́bọ̀ pé ta ló fọwọ́ kan ẹ̀rọ tó wà nígun yàrá rẹ, èyí tí sáìtì íńtánẹ́ẹ̀tì tí o fi ń tọ́jú ìwé ẹjọ́ àwọn ará àtìmọ́lé ń gbé inú rẹ̀. Mo ní mi ò mọ̀. Irọ́ ni mo pa. Ejiro tó wà ní yàrá kejì lo wá dá lẹ́bi, o ò sì dáhùn ìkíni rẹ̀ mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, o ti lọ síbi iṣẹ́ rẹ ní àgbá epo, níbi tí wọ́n ti ń gba fóònù yín ní ẹnu ọ̀nà, ni Dinah bá kan ilẹ̀kùn. Dinah ni ìyàwó Monday, awakọ̀ tírélà tó ti wà ní àtìmọ́lé Kirikiri fún oṣù mẹ́rin nítorí ìjà kan. Ó ní wọ́n máa pe Monday ní kọ́ọ̀tù ní aago méjìlá, ìwé tó fi hàn pé orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ló wà lọ́jọ́ ìjà náà ti bá omi òjò lọ, inú sáìtì rẹ nìkan ló kù sí, sáìtì kò sì ṣí fún lọ́yà. Mo pe Ejiro, ó wò ó, ó ní ohun tó kọ síbẹ̀ ni pé èèwọ̀ ni, a ò ní àṣẹ.

Mo sáré bá onílé yín, mo kúnlẹ̀, mo ní kó jọ̀ọ́ kó fún ẹ̀rọ ọmọ mi láṣẹ. Ó ní òun ti fún un, kí a ṣáà rántí owó iná. Mo padà wá, mo kí ẹ̀rọ náà pé ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá Ṣayọ̀ ni mí. Iná rẹ̀ kàn ń ṣẹ́jú.

Aago mẹ́wàá kọjá. Ìwé inú rẹ̀ lé ní igba, nọ́ńbà lo fi pe gbogbo wọn, lọ́yà nìkan ló mọ bó ṣe ń wá ti Monday. Ejiro ní bí òun bá rí pásíwọ̀ọ̀dù, òun á gbìyànjú. O ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má fi ìwé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí o kọ pásíwọ̀ọ̀dù sí, han ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo fà á yọ.

Ejiro fi wọ inú ẹ̀rọ, ó ní o ti kó àwọn ìwé kúrò níbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀ sínú fódà tuntun, nínú ilé tìrẹ. Mo ní ilé wo? Ó ní inú ẹ̀rọ náà ni, olúkúlùkù ló ní ilé níbẹ̀. Ó fún fódà náà láṣẹ, kò gbà. Ó ṣí i gbayawu fún gbogbo ayé, kò gbà síbẹ̀. Aago mọ́kànlá lù, Dinah ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo bi Ejiro pé ta gan-an ló fẹ́ wọlé? Ó ní ìránṣẹ́ kan nínú ẹ̀rọ náà, tó ń gbé ìwé fún àwọn àlejò sáìtì, ni, ó ní orúkọ tirẹ̀, kì í ṣe Ṣayọ̀. Mo ní lọ́jọ́ tí mo dé, o ṣí yàrá sílẹ̀ dè mí, ṣùgbọ́n géètì wà ní títì, orí àpò gàrí ni mo jókòó sí níta. Ṣé wọ́n ṣí géètì fún ẹni yìí?

Ejiro pariwo pé Mama, na di gate! Ó ní géètì náà ni: ilé rẹ gan-an, tí fódà náà wà nínú rẹ̀, ló wà ní títì. Ó ṣí i kí ẹni náà lè gba ibẹ̀ kọjá nìkan, láìwo yàrá wò. Mo ní kó yáa ti fódà tó ṣí gbayawu padà, ó sì tì í. Ni sáìtì bá ṣí. Ogún ìṣẹ́jú ló kù nígbà tí lọ́yà rí ìwé náà.

Wọ́n fún Monday ní bélì. Monday pè mí lánàá, ariwo àwọn ọmọ rẹ̀ ni mò ń gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Èmi ni mo bẹ Ejiro pé kó má sọ, torí ẹ̀rù ìkìlọ̀ rẹ bà mí. Lọ bẹ̀ ẹ́ lónìí.

Bẹ́líìtì ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ti já, jọ̀ọ́ fi nǹkan ránṣẹ́. Má fi sínú fóònù mi, ó ti là lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí owó náà má baà jò dànù.

Ibikíbi tí o bá dé láyé, Olúwa yóò fi ẹni bí Ejiro ṣe aládùúgbò rẹ, ẹni tó lè gba ẹ̀bi, kó sì dákẹ́, nítorí ìyá ẹlòmíràn.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.