Ìkejì Ló Dùn Jù

Màámi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìrètí ìwé mi. Ara mi le koko, ẹ má mikàn rárá.

Ọ̀gá mi níbi tí a ti ń gé irin fẹ́ràn orin. Ní Sátidé, ó mú mi lọ síbi tí òun àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti ń fi ẹ̀rọ ìgbọ́rin wéra, irú èyí tí wọ́n ń dé mọ́ etí. Òmíràn wà níbẹ̀ tó wọ́n ju ilé wa lọ, àti kànga ẹ̀yìnkùlé! Wọ́n á dijú bí ẹni ń gbàdúrà, wọ́n á bọ́ ọ̀kan, wọ́n á dé òmíràn, wọ́n á máa jiyàn pé èyí ló jẹ́ káwọn gbọ́ bí olórin ṣe ń mí.

Wọ́n ní kí èmi náà dá sí i. Mo dé mẹ́ta, mo dijú bíi tiwọn, mo ní ìkejì ló dùn jù. Ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín: wọn ò tíì ki okùn ìkejì bọ ẹ̀rọ orin rárá! Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọ̀gá mi nìkan ni ò rẹ́rìn-ín.

Láti Mọ́ńdè ló ti ní kí n jókòó sílé. Ọdún mẹ́sàn-án nínú ariwo ẹ̀rọ agérin kì í ṣe ọjọ́ kan, ìsinmi tọ́ sí mi.

Ohùn yín tí ẹ ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù ń wọlé o. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí àbúrò mi máa kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sí nǹkan kan. Ọwọ́ ìkọ̀wé ẹ̀ ló ń wù mí í rí.

Ẹ bá mi kí Bàbá, ẹ kí ará ilé. Orin tí ẹ máa ń kọ tí ẹ bá pọ̀n mí, kí àbúrò mi kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ ránṣẹ́ látòkèdélẹ̀. Kó tètè o, mo ṣì rántí bó ṣe ń dún.

Èmi ni, àkọ́bí yín.