Agbálẹ̀ Inú Kọ̀ǹpútà Fúnmi

Egan, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀

Ètò kọ̀ǹpútà tí Fúnmi ọmọ mi ń kọ tún kú lọ́sàn-án yìí. Lọ́la ni ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ wò ó. Bó bá kú lójú ọ̀gá, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn.

Ó ní èdè kọ̀ǹpútà tó fi ń kọ ọ́ ní nǹkan kan tó ń kó ohun tí a ò lò mọ́ kúrò nínú mẹ́mórì. Orúkọ gbọọrọ tó pè é yẹ olóyè. Agbálẹ̀ ṣá ni.

"Dádì, bí ayálégbé ló ṣe ń ṣe. Iwájú yàrá tiẹ̀ nìkan ló ń gbá. Àwòrán tí mo bá fi èdè míì ṣí, kì í fọwọ́ kàn án."

Àwọn àwòrán yẹn ló ń kún mẹ́mórì títí ètò fi ń kú.

Ó wá so àṣẹ mọ́ ọn: bí agbálẹ̀ bá ti gbá okùn tí ètò fi di àwòrán kan mú, kí àwòrán náà kúrò. Ni ètò bá tún yára kú! Agbálẹ̀ ti gbá okùn àwòrán tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ èdè kejì.

"Ó gba àwo lọ́wọ́ ẹni tó ṣì ń jẹun," ni mo wí.

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ jàre."

Ó wá pàṣẹ kí agbálẹ̀ má fọwọ́ kan okùn títí iṣẹ́ àwòrán á fi parí. Láti ìgbà náà, ètò ò kú mọ́.

Ó ti sùn sórí àga báyìí. Lójú kọ̀ǹpútà, ìlà tó ń fi bí mẹ́mórì ṣe kún tó hàn ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí àyà rẹ̀ gan-an. Mi ò tíì fẹ́ jí i.